Ojú Ìwé Inú Abọ́ Omi

Bí mo ṣe ṣí ìwé àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan tí mo rà ní àlòkù, òórùn aáyán kọ lù mí nímú, itọ́ sì kún mi lẹ́nu. Òórùn ọ̀sán ọjọ́ kan l'Ógbòmọ̀ṣọ́, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gan-an ni.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi máa ń kà. Á ka díẹ̀, á dijú, ara rẹ̀ á balẹ̀ débi pé eṣinṣin á máa rìn lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ sí Ìrẹsà, ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, fa ojú ìwé kan ya nínú ìwé bàbá mi, ó rẹ ẹ́ sínú abọ́ omi, bí àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wa ṣe máa ń fọ tàdáwà ara wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéú, fún ọmọ wọn mu.

“Àbẹ̀kẹ́, mu ún. Ìbàlẹ̀ ọkàn bàbá ẹ wà nínú ẹ̀.”

“Màmá, ó ń rùn. Ẹ wo ẹsẹ̀ aáyán.”

“Ìwé Ọlọ́run kì í rùn.”

Tàdáwà ìwé náà ò tiẹ̀ ṣí. Omi yẹn kàn pọ́n bí ìtọ̀ ni. Màmá dí mi nímú, ó dà á sí mi lẹ́nu. Ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun mi bí ikun. Mo bì í sára sùtánà funfun tó wọ̀ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò nà mí. Ó gbé ìyókù mu, ó sì dijú bíi ti bàbá mi. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kò mọ lẹ́tà kan kà, pé bó ṣe lè ka ìwé náà mọ nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, ìríra ló gbà mí lọ́kàn. Ẹsẹ̀ aáyán náà lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀. Mo rí i, mi ò sì sọ fún un.