Àdúrà Bàbá àti Ìṣírò Mi

Olùkọ́ Físíìsì ni mí, ẹnu mi sì mú. Ní ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀, èmi ni mo jókòó tì í nínú pálọ̀ wa ní Àjàó Estate. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá ti ilé lọ sí Bọ́ládé ní Òṣòdì tó sì padà sílé ti rìn títí, ṣùgbọ́n òdo ni displacement rẹ̀, ìyẹn ìlà tààrà láti ibi tó ti gbéra dé ibi tó parí sí, nítorí ibi tó ti gbéra náà ló padà sí. Ó ní òun kò gbà, ẹsẹ̀ tó ń dun onítọ̀hún ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó pín displacement sí àkókò tó gbà, velocity nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti mọ̀ ọ́n dunjú.

Ní àárọ̀ ìdánwò, Bàbá wa pè wá jọ fún àdúrà. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Àdúrà wọn a máa gùn: orin, Sáàmù, tí ara wọn bá sì ti gbóná, wọn a fi èdè Èkìtì parí rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí léèrè.

"Aago méje ni wọ́n máa ti géètì. Ṣé kí n gé e kúrú ni?"

"Rárá o, sà. Mo ti ṣírò ẹ̀. Tí a bá kúrò ńlé ní six-thirty, a máa débẹ̀ kó tó di seven. Ẹ gbàdúrà yín dáadáa."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Ìṣírò ọ̀hún rèé: mo ṣí máàpù orí fóònù, mo fa ìlà tààrà láti ilé wa dé ibi ìdánwò ní Ìsọlọ̀. Kìlómítà mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé wa débẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tún fi mẹ́wàá lé e. N kò dé apá ibẹ̀ rí. N kò wò ó pé kánáàlì wà láàárín, tí kò sì sí afárá níbi tí ìlà mi gbà.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ gééré la kúrò ńlé. Kẹ̀kẹ́ gbé wa gba Apakun dé Òṣòdì kó tó ṣẹ́rí sí Ìsọlọ̀. Kìlómítà mẹ́sàn-án. Ọ̀nà kò tilẹ̀ dí. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún la dé, wọ́n ti ti géètì. Mo bẹ ẹ̀ṣọ́ títí, ojú tì mí. Àbúrò mi kò sunkún. Ó kàn wo fóònù ọwọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, displacement lẹ fi ṣírò ẹ̀, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé a pẹ́ dé, wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n kọjú sí àbúrò mi. "Má bínú sí mi, ọmọ mi. Àdúrà mi ló gùn jù."

Àbúrò mi wojú mi. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú okùn bàtà mi.

Ó tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì ti wọ yunifásítì báyìí. Lọ́jọ́ ìdánwò náà, Bàbá wí gbólóhùn kan péré, wọ́n ní Àmín, wọ́n sì fúnra wọn ṣílẹ̀kùn fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún gbogbo wa láti ìgbà yẹn. Ó ń dùn mí gan-an. N kò tíì sọ fún wọn.