Bí Afárá Odò Wa Ṣe Wọnú Ìṣúná Káńsù

Ọyẹ́ tètè dé ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní yunifásítì ní Ìkọ̀lé báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ẹ ṣì wà nígbà náà. Ẹ lè rántí bí eruku ṣe bo gbogbo òrùlé, ṣùgbọ́n bóyá ni ẹnikẹ́ni sọ fún yín ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngán káńsù wa. Mo wà níbẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Mo ti ṣe olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti bá ìjọba jà lórí owó oṣù títí ohùn mi fi há. Èrò mi ni pé ìjà ti parí fún mi, pé oko kòkó bàbá mi àti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló kù.

Odò ló pè mí padà. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tí ìlú wa ní, òdìkejì odò ló wà, afárá onípákó la sì ń gbà débẹ̀. Nígbà òjò ọdún yẹn, Fúnmi, ìyàwó Sọ́ńdè, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Sọ́ńdè yìí ni alága àwọn ọlọ́kadà ìlú wa. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó sáré débi afárá, ó sì rí i pé omi ti gbé àárín rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin kan gbé Fúnmi lé èjìká, wọ́n sì wọ inú omi tó mù wọ́n dé àyà. Ẹ̀bá odò lọ́hùn-ún ló bímọ sí, kí nọ́ọ̀sì tó sáré dé. Wọ́n rí ìyá gbà là. Ọmọ náà kò ké rárá.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, Sọ́ńdè kó àwọn ọlọ́kadà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ti géètì káńsù pa, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Wọ́n fẹ́ kí n ṣáájú wọn nítorí pé wọ́n ti rí mi níwájú ìwọ́de rí.

Mo ní, “Bí ẹ bá ti géètì, kí ni àwọn tó wà nínú káńsù máa ṣe?”

Sọ́ńdè ní, “Wọn ò ní rí iṣẹ́ ṣe, Mọ́mì.”

“Wọ́n á sùn sílé, owó oṣù wọn á sì wọlé. Ìwọ tí o ti géètì ni oò ní rí èrò gbé.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó béèrè pé ṣé kí àwọn kúkú jókòó máa wòran ni. Mo ní rárá o, ibi tí wọ́n ti ń pín owó ìlú ni kí a lọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ ohun tí mo ń sọ, bóyá ẹ̀yin náà kò sì mọ̀ ọ́n. Alága káńsù kò lè dá gbé owó ìlú jáde. Òun àti àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń kọ ìṣúná, ìyẹn ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ọdún tó ń bọ̀ ṣe. Wọ́n á wá gbé e lọ síwájú àwọn káńsẹ́lọ̀, tí wọọ̀dù kọ̀ọ̀kan dìbò yàn. Àwọn káńsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ kà á, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dìbò lé e lórí. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, tí alága náà sì buwọ́ lù ú, ló tó di òfin. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni ẹ ó máa bẹ̀ lórí rẹ̀ jálẹ̀ ọdún.

Káńsẹ́lọ̀ wọọ̀dù wa nígbà náà ni Báyọ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè sá fún mi. Ó wá sílé mi ní ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó, kò mu omi tí mo gbé fún un. Ó sọ pé ìṣúná ti dé ọwọ́ àwọn, pé afárá wa kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ilé àlejò tuntun nínú ọgbà káńsù. Ó ní olórí àwọn káńsẹ́lọ̀ ti sọ pé ìjókòó kan ṣoṣo ni àwọn máa fi parí rẹ̀.

Mo bi í pé, “Ṣé ẹ lè yọ nǹkan kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò?”

“A lè ṣe é, mà. A kì í ṣe é ni.”

“Ta ló ní kí ẹ má ṣe é?”

Ó ní bí òun bá ta ko ilé àlejò yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú òun kò tún ní fa òun kalẹ̀ mọ́ láé. Mi ò parọ́ fún un pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó ṣáà sọ ọjọ́ ìjókòó náà fún wa, kí ó sì ro ìyókù fúnra rẹ̀. Ó sọ ọjọ́ náà fún wa.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn ọlọ́kadà ló gbé wa lọ sí káńsù láìgba owó. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú wa: àgbẹ̀, oníṣòwò, àti àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Mo ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mú igi tàbí pákó lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bú ènìyàn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìpàdé náà kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ìyá àgbà kan láàrin wa fi ẹnu Èkìtì dá a lóhùn pé, “Uṣẹ́ ùlú la bá wá,” ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé. Ẹ̀ṣọ́ náà kò lè fọwọ́ kan arúgbó, ni gbogbo wa bá tẹ̀ lé e.

Olórí àwọn káńsẹ́lọ̀ rí wa, ó ní kí ìjókòó sinmi díẹ̀. Wọ́n jáde. A kò kúrò. A kò kọrin, a kò pariwo. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, a ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, àwọn tí kò rí àyè sì dúró ti ògiri. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣúná náà kíákíá, bí ẹni tó ń lé nǹkan. Ìgbà yẹn ni Báyọ̀ dìde. Ó ní òun fẹ́ kí ìjókòó gba àwọn ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìbò. Olórí béèrè ẹni tó tì í lẹ́yìn, ó sì ti ń gbé òòlù rẹ̀ sókè. Káńsẹ́lọ̀ obìnrin kan láti wọọ̀dù mìíràn, tí odò wa kò kàn rárá, na ọwọ́ sókè pé òun tì í lẹ́yìn.

Èmi ni gbogbo wọn rò pé mo máa sọ̀rọ̀. Mo wo Fúnmi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì dìde. Kò sunkún. Ó sọ bí wọ́n ṣe gbé òun wọ odò àti ibi tí òun bímọ sí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé:

“Àlejò tó bá wá sí káńsù lè sùn sí ilé mi. Èmi ò rí ibòmíràn gbà dé ilé ìwòsàn.”

Ó jókòó. Báyọ̀ wá dábàá pé kí wọ́n yọ ilé àlejò kúrò, kí wọ́n fi afárá rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò, àwọn tó na ọwọ́ pé kí wọ́n yọ ilé àlejò kúrò ló pọ̀ jù.

Alága káńsù kò tètè buwọ́ lù ú. A lọ bá a ní ọ́fíìsì, èmi, Sọ́ńdè àti Fúnmi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ dójú tì mí níwájú ayé.” Mo ní a kò dárúkọ rẹ̀ níbi kankan, a sì ṣetán láti yìn ín níwájú ayé kan náà ní ọjọ́ tí a bá kọjá lórí afárá. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín dénú. Ṣùgbọ́n ó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ìyẹn náà, a ní láti máa lọ síbẹ̀ lóòrèkóòrè kí agbaṣẹ́ṣe tó gbé sìmẹ́ńtì dé, nítorí pé fífọwọ́ sí nǹkan yàtọ̀ sí ṣíṣe é.

Afárá náà ti dúró báyìí. Ó tóóró ju bí a ṣe fẹ́ lọ, ọkọ̀ akẹ́rù kò lè gbà á, ṣùgbọ́n takisí ń kọjá lórí rẹ̀ nínú òjò. Fúnmi ti bí ìbejì nínú ilé ìwòsàn náà, lórí bẹ́ẹ̀dì.

Báyọ̀ kò padà sí káńsù. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn ló ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́: ẹgbẹ́ rẹ̀ fa ẹlòmíràn kalẹ̀. Ó ń ta ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín oògùn sí oko ní Ọ̀yẹ́ báyìí. Bí a bá pàdé, ó máa ń sọ pé òun kò kábàámọ̀, mo sì gbà á gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Owó ilé àlejò nìkan kò tó kọ́ afárá. Wọ́n yọ kànga ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ fún Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀, abúlé kékeré kan tó wà lẹ́yìn ìlú wa, wọ́n fi kún un. Kò sí ará abà náà nínú gbọ̀ngán lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ jáde. Ìgbà tí sìmẹ́ńtì dé ni a tó gbọ́. Àwọn ará ibẹ̀ kò bá wa jà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Láti ìgbà náà, bí àsìkò ìṣúná bá ti dé, a máa ń bá wọn lọ jókòó ní káńsù. Kànga náà ti wọ ìwé báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì ń ru omi gba orí afárá wa kọjá láràárọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín nìyí. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngán náà pa lọ́jọ́ ìjókòó, bẹ́ǹṣì sì wà níbẹ̀. Ẹ lọ jókòó, kí ẹ sì wò yíká kí ẹ mọ ìlú tí ará rẹ̀ kò sí níbẹ̀.