Ọkọ Ló Lọkọ̀

Ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ eléyìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.

Aláró ni ìyàwó mi, Rábíàtù. Ìjẹmọ̀ ló ti ń rẹ aṣọ láró, Ìtòkú ló ti ń tà á. Èmi, tíṣà ni mí. Ta ni nínú wa ló lè ra ọkọ̀ ọlọ́yẹ́ nígbà náà, èyí tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀? Òun náà ni! Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló ní kí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀.

Làwọn ará àdúgbò bá ń kí mi kú oríire. Mo ń dáhùn pé a dúpẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé ojú ń tì mí, ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo agboolé.

"Bàbá Kúdí, ẹ má da ara yín láàmú. Ọkọ ló lọkọ̀."

Bí mo bá ń wa ọkọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí. Bó ti wù kó fọwọ́ tó, aró kì í tán ní ìka rẹ̀, ó sì kun ibi tó máa ń dì mú lára ilẹ̀kùn. Mo máa ń bínú sí i nítorí èyí. Ẹ wò ó!

Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló mú un lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ pè mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ kì í jogún aya nílẹ̀ wa. Kúdírátù, ọmọ wa kan ṣoṣo, ló ni ọkọ̀ náà. Wọ́n ní kí n tà á, torí orúkọ mi ló wà nínú ìwé, kí Kúdí lè fi kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ohun kan péré ni ìyá Rábíàtù bẹ̀ mí: kí n sọ fún ẹni tó bá rà á pé owó aró ni ọmọ òun fi rà á. Mo ṣèlérí.

Oníṣòwò pákó kan wá láti Kọ́bapẹ́. Ìyá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ọkùnrin náà yí ọkọ̀ po, ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, àfi pé òun kì í ra ẹrù òkú o. Ìgbà náà ló ṣí ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, ta ló kun aró síbí?"

Bí eléyìí bá lọ, ìgbà wo ni òmíràn yóò dé? Ilé ẹ̀kọ́ kò ní dúró de Kúdí.

"Aláró kan tí mo gbé lọ́nà lọ́jọ́ kan ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á fi kẹrosíìnì nù ún kúrò. Ó sanwó, ó wa ọkọ̀ lọ.

Mo yíjú padà. Tẹ̀sùbáà ti dúró lọ́wọ́ Ìyá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Kúdí. Ọkọ ti lọkọ̀ wàyí. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kú tán ni."

Kúdí di nọ́ọ̀sì. Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kọjá lọ. Bóyá ọkùnrin yẹn ì bá rà á bó bá gbọ́ òótọ́, n kò mọ̀. N kò dán an wò.

Ẹ̀yin ọkùnrin, bí wọ́n bá ń kí yín kú oríire nítorí ohun tí aya yín ṣe, ẹ tètè sọ pé òun ló ṣe é, nígbà tó ṣì lè gbọ́. Ta ló tún ti sẹ́ èèyàn rẹ̀ tó ti kú bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ kọ tiyín síbí, kí n mọ̀ pé n kò dá wà.

Tèmi nìyí, bó tilẹ̀ pẹ́: Rábíàtù ló ra ọkọ̀ náà.