Ẹyin Inú Mọ́ínmọ́ín

Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, bí ará àdúgbò wa ní Bódìjà bá ń rìnrìn àjò, ọ̀dọ̀ Bàbá Olúgbádé ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí. Akọ̀wé rélùwéè ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ wọn mọ́. Ẹnu wọn nìkan ni kì í dilẹ̀, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá dórí oúnjẹ ọmọdé.

Lójú wọn, àgbà ló lẹran. Kí ọmọdé lá ọbẹ̀. Ẹyin ńkọ́? Ẹni tó bá fún ọmọdé lẹ́yin, olè ló ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ Fadékẹ́mi, ọmọ-ọmọ wọn, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, irun rẹ̀ ń pọ́n, kì í sì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́. Bí mo bá rí i, inú á bí mi sí Bàbá.

Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé abọ́ ẹyin sísè sórí tábìlì. Ó ní ní ilé ìwòsàn àwọn, àwọn fún àwọn ọmọ kan lẹ́yin àti ẹ̀wà fún oṣù mélòó kan, àwọn gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ara wọn sì le ju ti àwọn yòókù lọ.

Bàbá dìde. "Nọ́ọ̀sì, òṣùwọ̀n yín ń wọn ẹran ara. Èwo ló ń wọn ìwà?"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo Fadékẹ́mi lórí itan Ìyá Àpínkẹ́, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ọkàn mi bà jẹ́. Bí ìpàdé bá tú báyìí, ọmọ yìí ò ní fẹnu kan ẹyin láéláé.

Ìyá Àpínkẹ́ ò tilẹ̀ dìde. "Olúgbádé, ṣé o rántí mọ́ínmọ́ín tí Ìyá wa máa ń sè fún ìwọ nìkan?"

"Mo rántí, Ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò rí irú ẹ̀ jẹ mọ́."

"Ẹyin ló wà nínú ẹ̀. Èmi ni mo máa ń lọ kó o lábẹ́ adìẹ. Ọmọ mẹ́ta ló kú kí wọ́n tó bí ọ, ẹsẹ̀ tìrẹ náà sì ti ń wú. Ìyá ní n ò gbọdọ̀ sọ." Ó yíjú sí wa. "Ẹ̀yin ará Bódìjà, kí ni àbúrò mi ti jí lọ́wọ́ yín rí?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n ń wò.

"Ìyá wa náà gbà pé ẹyin ń sọ ọmọ dolè," ni wọ́n wí. "Wọ́n sì fún mi jẹ?"

"Wọ́n ní kó o kúkú jalè, kó o ṣáà má kú."

Bàbá rìn lọ sídìí tábìlì, wọ́n mú ẹyin kan, wọ́n fọwọ́ ara wọn bó o, wọ́n sì fi sọ́wọ́ Fadékẹ́mi. Inú mi dùn dẹ́yìn. Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ó tún na ọwọ́. Bàbá bó òmíràn.