Okùn Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Fi Sílẹ̀

Ọmọ ọmọ mi kan fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ó mú ìwé pélébé kan wá bá mi, ó ní ọ̀gá òun kọ gbogbo irinṣẹ́ tí òun gbọ́dọ̀ ní sínú rẹ̀, kí n gbọ́ bóyá ó pé. Mo ní kó kà á sí mi létí. Ṣọ́bìrì, páànù, òòlù, okùn, ìwọ̀n tí omi wà nínú ìgò rẹ̀, bàtà tó le. Bàtà! Mo rẹ́rìn-ín títí obì fi já bọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ lásán la fi ń tẹ amọ̀, ẹsẹ̀ náà la sì fi ń rìn lọ sílé. Mo ní ìwé náà dára, àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni kò sí níbẹ̀. Ó ní kí ni. Mo ní kó jókòó. Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ewúrẹ́ tó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ẹdẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Òyìnbó ti la irin kọjá nínú oko àwọn bàbá wa, gbogbo ọ̀dọ́ ìlú sì ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló bí ọkọ̀ náà. Èmi pàápàá ti ru òkúta fún wọn fún oṣù mélòó kan. Mo ti hu irùngbọ̀n, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ mọ́. Bàbá mi ló fà mí lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń mọ ilé ní ìlú wa. Ó ní, "Ẹ gbà á, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ó ku ọwọ́."

Ojú kan ni ọ̀gá yìí ní. Ìkejì ti fọ́ láti kékeré. Ó máa ń sọ pé ojú kan náà ni èèyàn fi ń wo okùn bóyá ó gún, pé ẹni tó bá ní méjì kàn ń fi ọ̀kan ṣòfò ni. Ó ní kí n kó irinṣẹ́ márùn-ún wá lọ́jọ́ tí mo bá máa bẹ̀rẹ̀: ọkọ́ tí a fi ń wa amọ̀, àdá tí a fi ń fá ẹ̀gbẹ́ ògiri kó lè tẹ́jú, igbá tí a fi ń bu omi, okùn kékeré tí a so irin mọ́ nídìí, tí a ń jù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ká lè mọ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán, àti okùn òwú gígùn kan, tí ẹni méjì ń nà láti igun dé igun.

Márùn-ún ló ní. Èmi kó mẹ́sàn-án lọ. Mo gbé ṣọ́bìrì kan tí mo gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ reluwé, mi ò sì bèèrè ibi tí òun ti rí i. Mo dé akẹtẹ̀ òyìnbó kan tí etí rẹ̀ ti ya. Ọ̀gá fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wo ẹrù mi. Ó gbé ṣọ́bìrì sókè. "Èyí dára. Ìyáálé mi á máa fi wa eérú." Ó ṣí akẹtẹ̀ lórí mi, ó fi dé ewúrẹ́ tó wà ní àgbàlá. Ewúrẹ́ náà gbé e lọ, mi ò tún fojú kan akẹtẹ̀ yẹn mọ́ títí di òní.

Lẹ́yìn náà ló mú okùn òwú gígùn náà, ó fi ìdí rẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́.

"Gbọ́," ó ní. "Nígbà tí ògiri bá ṣì wà nílẹ̀, èèkàn la fi ń di okùn mú. Bó bá ti ga, ọwọ́ èèyàn ni èèkàn. Ìwọ á di ìhín, ẹnì kan á di ọ̀hún, ẹlòmíràn á máa fi àdá fá ògiri tẹ̀lé okùn. Bí okùn bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, o ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Bí ìjàlọ bá ń jẹ ọ́ nídìí, má fi í sílẹ̀. Bí ọba bá ń kọjá, má fi í sílẹ̀."

Mo ní, "Bí ọba bá ń kọjá kẹ̀? Ọ̀gá, ṣé kí wọ́n bẹ́ mi lórí ni?"

"Wọ́n á bẹ́ ọ lórí," ó ní, "àmọ́ ògiri á gún."

Mo rò ó nínú ara mi pé ọkùnrin yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ni mo fi tẹ amọ̀. Ilé amọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sáré mọ. Ẹ ó mọ ìpele kan, ẹ ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ẹ ó sì dúró kó gbẹ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Bí mo bá ń kánjú, ọ̀gá á ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n." Ó máa ń sọ ọ́ níwájú àwọn obìnrin, ojú kì í tì í.

Àsìkò yẹn gan-an ni mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní agboolé kan níhà odò Ọ̀ṣun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé iyán ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin tí wọ́n bá ti bá ọ tọrọ á máa sá fún ọ ni, kò ní jẹ́ kí o rí ojú òun. Fún odidi ọdún kan, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, tó ń sáré wọlé. Ẹ̀yìn náà dára o, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kan wà ní ibùdó reluwé tí òun náà ń yọjú sí agboolé yẹn. Ó máa ń wọ bàtà tó ń dún kò-kò-kò.

Bàbá ọmọbìnrin náà wá ní òun fẹ́ yàrá kan sí ẹ̀yìn ilé òun. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀: á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á bá a roko tàbí kí wọ́n bá a mọlé. Bàbá ní, "Ìwọ tí o ń kọ́ ilé mímọ, wá mọ ọ́n fún mi. Kí ògiri náà wà lórí ìdúró kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wá mú ìyàwó rẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, akọ̀wé ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Ọ̀gá ní òun á tẹ̀lé mi lọ. Mo ní kó sinmi. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo fẹ́ kí àna mi mọ̀ pé èmi ni mo mọ ọ́n, pé kì í ṣe bàbá olójú kan.

Ọ̀rẹ́ méjìlá ni mo kó lọ. Ìpele kìíní àti ìkejì gún dáadáa, torí èèkàn ló di okùn mú. A dé ìpele kẹta. Mo dúró sórí ògiri, okùn wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi kan di ìdí kejì, òmíràn ń fá ògiri nísàlẹ̀. Ni ìyá ìyàwó bá yọ. Ta ni yóò dúró gbọnrangandan lókè orí àna rẹ̀? Mo ju okùn sílẹ̀, mo bẹ́ sílẹ̀, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ sínú amọ̀. Ó ní a kú iṣẹ́. A dìde, a tún di okùn mú níbi tí ọwọ́ bá ti bá a. Kò pẹ́, àbúrò bàbá kọjá. Gbalaja. Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá kọjá. Gbalaja. Ọmọ kékeré kan rá jáde, ẹnì kan sì ní àna ni òun náà. A dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì hu eyín! Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó tọ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ní ẹbí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bàbá fúnra wọn jáde, mo na ara mi tán pátápátá, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ló ń fẹ́ ọmọ wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí amọ̀ ti gbẹ, Bàbá wá wo iṣẹ́. Wọ́n dúró. Wọ́n yí ògiri po. Wọ́n ní, "Oṣù mélòó ni?"

Mo ní, "Oṣù kí ni, Bàbá?"

"Oyún tó wà nínú ògiri yìí."

Àwọn ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, àwọn aláìníláárí. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Ògiri náà ti yọ ikùn síta lóòótọ́. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo kàn ń tan ara mi ni. Bàbá ò jágbe mọ́ mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ àwọn fún ẹni tí ògiri rẹ̀ á wó lu àwọn lójú oorun. Wọ́n ní kí n wó o, kí n tún un mọ. Ṣùgbọ́n ìlérí ò yí padà: bí òjò bá ṣáájú mi, kí n gbàgbé.

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, mo gbé ìgbéraga mì. Wọ́n wá. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ògiri náà láti igun kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi. "Ibí, ìyá ìyàwó ló kọjá, ó wú díẹ̀. Ibí, àgbàlagbà kan. Ibí kékeré yìí, àbí ọmọdé lẹ dọ̀bálẹ̀ fún?" Wọ́n dé ibi tí ikùn ti tóbi jù. "Háà! Bàbá fúnra wọn rèé. Gbalaja lo nà níbí, ìwọ ọmọ yìí."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Bí mi ò bá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní mo rí àwọn fín, wọn ò ní fún mi lọ́mọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Irinṣẹ́ márùn-ún ni mo ní kí o kó wá. O kó mẹ́sàn-án, síbẹ̀ o gbàgbé ọwọ́ tí kì í ju okùn sílẹ̀." Wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo ń wó ògiri lọ́jọ́ kejì, inú ń bí mi sí gbogbo ayé, nígbà tí ohùn kan ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún kan nìyẹn. Ó ní, "Àwọn èèyàn mi pọ̀ o. Bí ẹ bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn, ibi ìgbéyàwó èmi àti akọ̀wé lẹ ó ti parí rẹ̀." Ó sì pòṣé. Mo sọ fún yín, orí mi wú.

Ọ̀rẹ́ mẹ́rin péré ló padà wá. Àwọn tó kù ní àyà ń dun àwọn. A tún amọ̀ pò, a tún ìpìlẹ̀ ṣe. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọjọ́ tí a dé ìpele kẹta, ìkùukùu ti ṣú níhà odò, atẹ́gùn sì ti ń gbé eruku. Ọjọ́ yẹn náà ni, tàbí kí n pàdánù rẹ̀.

Ìyá ìyàwó jáde. Mo di okùn mú. Mo tẹ orí ba, mo ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá. Ẹ má bínú, okùn wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ẹ wá wò ó! Ó dúró lé mi lórí bí òpó!" Àwọn obìnrin ilé tú jáde. Ọ̀kan ní ojú mi ti là. Òmíràn ní akọ̀wé tí àwọn ń sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́, ó kéré tán ó máa ń ṣí fìlà. Òógùn bò mí. Okùn wà lọ́wọ́ mi.

Ni Bàbá bá jáde. Orúnkún ọ̀rẹ́ mi tó di ìdí kejì ti ń tẹ̀. Mo ní, "Bí o bá fi sílẹ̀, màá pa ọ́." Láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, mi ò dúró gbọnrangandan níwájú àgbà rí. Gbogbo ara mi ló fẹ́ kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ má bínú. Okùn wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n wo okùn. Wọ́n di ojú kan, wọ́n fi ìkejì wo ògiri láti igun dé igun. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ tọ̀ sára. Mo ti ń gbọ́ kò-kò-kò bàtà akọ̀wé létí mi, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Bàbá fi ọ̀pá wọn ti ògiri. Wọ́n ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n gun òkìtì amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, amọ̀ mu ẹsẹ̀ wọn dé kókósẹ̀. Wọ́n na ọwọ́.

"Gbé e wá."

Kò yé mi. "Kí ni, Bàbá?"

"Okùn náà. Gbé e fún mi."

Mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fà á le, wọ́n dì í mú níbi tí mo dì í mú sí gan-an, kò yẹ̀ rárá.

"Ó yá," wọ́n ní. "Dọ̀bálẹ̀."

Mo bẹ́ sílẹ̀. Mo fi àyà kanlẹ̀, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, mo tún fi àyà kanlẹ̀. Ẹkún ń gbọ̀n mí nínú amọ̀ níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ojú sókè kí wọ́n má baà rí i. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," Bàbá wí lókè orí mi. "Dìde, ọkọ ọmọ mi. Apá ń ro mí."