Ẹni Tí Màá Fi Oúnjẹ Lọ̀

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, búkà kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìdímù ni mo ti ń jẹun alẹ́. Àwọn ará ilé wa rò pé n kò mọ oúnjẹ sè ni. Mo mọ̀ ọ́n sè. Mo ṣe àpọ́n pẹ́ kí n tó fẹ́yàwó. Nígbà náà, inú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí mo ń sùn ni sítóòfù mi wà.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, tó ń gbé nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìgàndò, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ búkà yìí. Ní Sátidé, á gbé ọbẹ̀ wá nínú kúlà, á tò ó sínú fíríìjì, á ní kí n kàn máa gbé e kaná. Tó bá padà wá, á bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà míì, iná ti lọ, ọbẹ̀ ti kan. Kì í bínú. Á dà á nù, á fọ kúlà. Ohun tó ń dùn ún ni pé ìyá ọkọ rẹ̀ ti bi í bóyá bàbá rẹ̀ kò bímọ ni, tó fi ń jẹun níta.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá bu òkèlè láìfi lọ ẹni tó wà nítòsí, ahun ni. Nítorí náà, títí ìyàwó mi fi kú, n kì í fọwọ́ kan oúnjẹ láìkọ́kọ́ sọ pé, "Wá jẹun." Òun tó sè é, tó sì ti jẹ tirẹ̀, á dáhùn láti kíṣìnnì pé, "Á gba ibi ire." Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo tẹ ẹ̀bà, mo fọwọ́, mo ní, "Wá jẹun." Ilé dákẹ́. Mo bo àwo náà, mo wọ bàtà, mo jáde.

Ní Sátidé kan, ọmọ mi kò bá mi nílé. Ó wá mi dé búkà, tòun ti kúlà lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Kí lẹ rí níbí tí n kì í gbé wá fún yín?"

Fọ́kanáísà kan tó jókòó níwájú mi ní kó má dá mi lẹ́bi, pé ẹja inú àwo mi ló dè mí mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rín. Wọ́n gbé oúnjẹ ọkùnrin náà dé. Ó nawọ́ sí i, ó wò mí.

"Bàbá, ẹ wá jẹun."

"Á gba ibi ire."

Ó yíjú sí ọmọ mi. "Àǹtí, ẹ wá jẹun."

Èmi ni ọmọ mi ń wò. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láàárín èmi àti ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Á gba ibi ire." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ìyá rẹ̀.

Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó tọrọ àwo lọ́wọ́ oníbúkà, ó bu ọbẹ̀ inú kúlà fún èmi àti fọ́kanáísà náà.

Kò gbé ọbẹ̀ sínú fíríìjì mi mọ́. Ní Sátidé, á wá, á jókòó tì mí títí màá fi jẹun tán. Ọjọ́ yòókù, búkà ni mò ń lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣì ń béèrè. Ọmọ mi ní òun ti sọ fún wọn pé bàbá òun ń bá èèyàn jẹun ni.