Ọ̀gá Wa àti Olórí Orílẹ̀-èdè

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ogun dé, olórí orílẹ̀-èdè wá kí ọ̀gá wa ní ilé iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan, ní orílẹ̀-èdè etí òkun tí èmi àti Adéwálé ọkọ mi ṣí lọ láti Ọ̀yọ́; òun náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà di olórí lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé olórí kò fẹnu kan omi tí a gbé fún un, àfìgbà tí Ọ̀gá kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, àwọn ṣọ́jà olórí yí wa ká. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń da òkúta sórí páànù. A sá wọ ilé ìkẹ́rùsí, àwa bí ogún.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí wọ́n wá ṣọ́ wa."

Adéwálé ní, "Ẹ̀yin sà, bó bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣọ́ wa ni, kí ló dé tí ìbọn wọn kọjú sí wa?"

Ọ̀gá jáde lọ bá wọn, mọ́tò kan sì gbé e lọ. A ò mọ̀ bóyá wọ́n mú un ni, àbí wọ́n gbà á là.

Ọjọ́ mẹ́fà la lò níbẹ̀. Ìyẹ̀fun tútù la ń pò mọ́ omi mu. A fi aṣọ dí imú kí ikọ́ má baà tú àṣírí wa. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ṣọ́jà wọlé, wọ́n ní Ọ̀gá ń bọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá olórí jà, wọ́n sì kó ìyẹ̀fun lọ, wọ́n fi wá sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ dé, wọ́n ní Ọ̀gá ló ń bọ́ olórí.

Ọ̀kan nínú wọn bi Adéwálé pé, "Ẹ̀yìn ta lo wà?"

"Mẹkáníìkì ni mí, sà. Ẹ̀rọ ni mò ń tún ṣe."

"Ta ló ni ẹ̀rọ náà?"

Adéwálé wò mí. Mi ò mọ èsì tí ì bá gbà á là. Wọ́n mú un jáde, mi ò sì rí i mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ìbọn dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí ara mi, n kò sì mọ ẹni tó ṣẹ́gun.

Lake Highlands ní ìlú òyìnbó ni mò ń gbé báyìí, nínú apátímẹ́ǹtì kan pẹ̀lú Bísí, ọmọbìnrin wa. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin nínú mi nígbà ogun náà. Lọ́dún tó kọjá, ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: olórí yẹn ti kú. Ọ̀gá ló dúró nídìí pósí, ó ti darúgbó, ó ń sunkún.

Bísí béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n?"

"Mi ò mọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Ẹkún náà jọ òótọ́.

Bísí gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Báwo ni Dádì ṣe máa ń rìn?"

Mo dìde. Mo rẹ èjìká òsì sílẹ̀ díẹ̀, mo ju apá ọ̀tún sẹ́yìn, mo sì rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ojú fèrèsé, kó lè rí i.